Ọ̀gá-ọkọ̀ J. P. L. Davies àti Ìran Kòkó tí ó dé Ilẹ̀ Èkìtì

Ìfáárà

Kòkó ti wọ inú ìgbésí ayé àwọn ará Èkìtì débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé ó ti wà ní oko láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí iṣu àti obì. Láti Adó lọ sí Ìkéré, Igbárá-Odò, Àrámọkọ, Ìjerò àti Emùré, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi kọ́ ilé onípáànù, òun ni wọ́n fi gbéyàwó, òun náà ni wọ́n sì fi rán ọmọ ní ilé-ìwé. Nígbà tí Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, kòkó wà lára ohun tí òbí ń tà kí ọmọ wọn lè dé irú ibẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, àlejò ni kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò tíì pé igba ọdún tí ó ti gúnlẹ̀ sí apá ibí yìí, àwọn ènìyàn tí a mọ orúkọ wọn sì wà lára àwọn tí ó mú un wá.

Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí a bí sí ilẹ̀ Sàró, tí ó ṣe jagunjagun ojú omi, ọ̀gá-ọkọ̀ àti oníṣòwò kí ó tó di àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n nítorí aya rẹ̀, Sara Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria gbà ṣe ọmọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n nítorí oko rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ oko yẹn ni ó pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣe. Ohun tí ó gba àròjinlẹ̀ jù nínú ìtàn oko náà ni pé inú kóró kan náà ni ọrọ̀ àti ewu kòkó ilẹ̀ yìí ti jáde. Kí èyí lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ọkùnrin náà, kí a sì mọ òdòdó, èso àti kóró tí ó gbìn.

Ìbí rẹ̀ àti iṣẹ́ ojú omi

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1828 ni a bí Davies ní abúlé Bathurst ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni orírun wọn. Wọ́n wà lára àwọn tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró. Ọmọ ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ni ọkùnrin tí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá oko sílẹ̀ nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Ilé-ìwé gíráámà tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Freetown ni ó ti kàwé. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ti Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ń ṣọ́ etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí òwò ẹrú lè dópin. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀ àti bí a ṣe ń wo ìràwọ̀ mọ ọ̀nà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní ìparí ọdún 1851, ó wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ó sì fara gbọgbẹ́. Ní 1852, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá-ọkọ̀ onísòwò tí ń ná gbogbo etíkun. Ní 1856, ó fi Èkó ṣe ibùgbé.

Gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó

Kò pẹ́ tí Davies fi di ọ̀kan lára àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó. Kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ná owó lé. Ní 1859, ó fi 50 pọ́n-ùn ran Thomas Babington Macaulay lọ́wọ́ láti ra ìwé àti ohun èlò fún ilé-ìwé gíráámà C.M.S., tí ó ṣí ní oṣù Ẹ̀kẹfà ọdún náà, tí ó sì jẹ́ ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1866, òun àti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tí ó dá ibùdó ìmọ̀ àti àṣà kan sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n pè ní The Academy.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1862 ni ó gbé Sara Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni Sara. Àwọn jagunjagun Dàhòmì ni ó kó o lẹ́rú ní kékeré, Ọba Gẹ̀zò sì fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ní 1850 nípasẹ̀ Ọ̀gá-ọkọ̀ Forbes. Bí ọkọ ti jẹ́ ọmọ ẹrú tí a dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aya jẹ́ ẹni tí a yọ lọ́wọ́ ikú. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Victoria, Arthur àti Stella. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìyá ìsàmì fún Victoria, àkọ́bí wọn.

Ìṣubú

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Davies ti máa ń gba ọjà àwìn, epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n sì fi ń san án padà. Nígbà tí òwò náà dẹnu kọlẹ̀, tí gbèsè sì gorí gbèsè, ẹjọ́ dé. Ní 1876, ilé-ẹjọ́ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́. Ọkùnrin tí ó ń fowó ran ilé-ìwé lọ́wọ́ lánàá di ẹni tí a ń to ohun ìní rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn olówó. Ẹ̀gbẹ́ àádọ́ta ọdún ni ó wà nígbà náà, aya rẹ̀ sì ń ṣàìsàn ẹ̀dọ̀fóró.

Àkókò yìí ni ó kọ ojú sí ilẹ̀. Ó lọ dá oko ní Ìjọn, abúlé kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, nítòsí Agége. Ní 1879 àti 1880, ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ Bùràsíìlì kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín. Ní oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1880 kan náà, Sara kú ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, níbi tí ó ti lọ wá ìwòsàn. Oko kòkó Ìjọn ni Davies ti gbé ọwọ̀n òkúta kan nàró ní ìrántí rẹ̀. Ibi tí irúgbìn tuntun ti ń yọ orí ni ọkùnrin náà ti ń ṣọ̀fọ̀.

Kì í ṣe Davies nìkan ni ó gbin kòkó ní apá ibí yìí. A mọ̀ pé Squiss Banego ti gbìn ín ní agbègbè Bonny ní 1874, Tetteh Quarshie náà sì mú un láti Fernando Po wọ ilẹ̀ Gánà láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, oko Ìjọn ni a kà sí orísun pàtàkì.

Kóró tí kì í dúró de ẹnìkan

Kí ni ó mú iṣẹ́ Davies ṣòro? Kóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà, a lè sá a gbẹ, kí a so ó rọ̀ sí àjà títí di ọdún tí ń bọ̀. Kóró kòkó kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ó kú; bí òtútù bá mú un jù, ó kú. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni ó ní láti hù tàbí kí ó bàjẹ́. Inú igbó tí òjò ti ń rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni ìran rẹ̀ ti dàgbà, níbi tí kóró tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ti lè hù lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kò kọ́ láti máa dúró de òjò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èso rẹ̀ kì í là fúnra rẹ̀ bí ti ẹ̀wà. Nínú igbó ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọ̀bọ àti àwọn ẹranko mìíràn ni ó ń fọ́ èso náà nítorí omi dídùn tí ó bo kóró. Wọ́n á mu adùn, wọ́n á sì tu kóró kíkorò nù. Adùn yẹn ni owó ọkọ̀ tí igi kòkó ń san fún ẹni tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ jìnnà. Nígbà tí ó yá, ènìyàn gba iṣẹ́ ọ̀bọ ṣe. Ìwádìí tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn ará gúúsù-ìlà-oòrùn Ecuador ti ń lo kòkó láti nǹkan bí 5,300 ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kòkó sọdá òkun gbọ́dọ̀ gbé odindi èso tàbí ọmọ igi tí ó ti hù, kí ó sì yára. Láti Fernando Po, ọjọ́ díẹ̀ ni ọkọ̀ fi lè dé Èkó. Ọkùnrin tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn. Àwọn ojúlùmọ̀ tí ó ti ní ní èbúté wúlò fún un lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Òdòdó tí ó lè dá bí

Ara ìtì igi àti ẹ̀ka ńlá ni òdòdó kòkó ti máa ń yọ, kì í ṣe ní ṣóńṣó ẹ̀ka bí ti ọsàn. Ó kéré, ó funfun díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Kantíkantí, kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ń gbé inú ewé jíjẹrà, ni ó ń gbé ìyẹ̀fun akọ láti òdòdó kan dé òmíràn. Igi kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó lọ́dún, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú wọn ni ó ń di èso. Èyí tí ìyẹ̀fun kò bá kàn láàrin ọjọ́ kan sí méjì á rẹ̀ dànù. Èso tí ó bá dúró á lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó pọ́n, kóró inú rẹ̀ á sì tó ogún sí àádọ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní òkè odò Amazon, tí í ṣe ìpìlẹ̀ kòkó, ọ̀pọ̀ igi ni kì í gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀. Bí kantíkantí bá gbé ìyẹ̀fun igi kan lé òdòdó igi náà, kò ní di èso. Àfi kí ìyẹ̀fun ti ara igi mìíràn wá. Irú kòkó tí a ń pè ní Amelonado, tí ó wá láti ìsàlẹ̀ odò náà, ti sọ ìkọ̀sílẹ̀ yìí nù. Ó lè fi ìyẹ̀fun ara rẹ̀ so èso. Igi kan ṣoṣo tí ó dá wà ní erékùṣù lè bí ọmọ, kí ọmọ náà sì bí ọmọ. Láìsí àbùdá yìí, ó ṣòro kí èso díẹ̀ tí a fi ọkọ̀ gbé tó di oko.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti ṣa díẹ̀ nínú díẹ̀? Ní 1746, a gbé kòkó láti agbègbè Amazon lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì. Ní 1822, a gbé díẹ̀ láti Bùràsíìlì wá sí erékùṣù Príncipe. Láti ibẹ̀ ó dé São Tomé àti Fernando Po. Láti Fernando Po ni díẹ̀ nínú rẹ̀ tún ti dé ọwọ́ Davies. Ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú oríṣiríṣi àbùdá ìran náà ni a fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ máa ń gba ìdajì àbùdá lọ́wọ́ baba àti ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Bí igi kan náà bá jẹ́ baba àti ìyá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdajì méjèèjì á máa dín kù sí ìlàjì ní ìran kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ọmọ yóò fi jọ ara wọn bí ìbejì. Gregor Mendel, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó gbin ẹ̀wà pòpòǹdó òyìnbó nínú ọgbà ilé àwọn ẹlẹ́sìn ní ìlú Brno, ti tẹ ìdí irú ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1866, ọdún kan náà tí Davies àti Crowther dá ibùdó ìmọ̀ wọn sílẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Mendel fara sin títí di 1900, ogún ọdún lẹ́yìn tí kòkó Ìjọn ti wọlẹ̀.

Láti Ìjọn dé ilẹ̀ Èkìtì

Davies kò tún padà di irú ọlọ́rọ̀ tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ di àwòkọ́ṣe. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹ̀kẹrin ọdún 1906. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn olóko dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀. Aṣáájú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko tirẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tí ó sì tún jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ African Church.

Àwọn lébìrà ti oríṣiríṣi ìlú wá ṣiṣẹ́ ní oko Agége, àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára wọn. Ogun Kírìjì ti parí, ọ̀nà ti là, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń wá owó. Bí wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, bí a ti ń bò ó ní òjìji àti bí a ti ń sá kóró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ru èso lọ sí ìlú wọn. Àwọn oníwàásù pẹ̀lú gbé e dání. Díẹ̀díẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó wọ igbó Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Ilẹ̀ tí àwọn baba fi iṣu ro rí wá di ilẹ̀ tí a ń gbin igi tí yóò pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ogún àti ààlà oko gba ojú tuntun.

Àǹfààní kòkó tí ó jọra hàn gbangba. Gbogbo rẹ̀ ń so bákan náà, kóró rẹ̀ ń jáde ní àwọ̀ kan náà, oníṣòwò kò sì ní láti ṣà á. Orí ìpìlẹ̀ náà ni ọrọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dúró lé nígbà tí ìjọba agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955.

Ewu tí ó bá ọrọ̀ rìn

Ohun tí ó mú kí oko jọra ni ó mú kí àìsàn rí ọ̀nà. Bí àrùn kan bá lè pa igi kan, ó lè pa gbogbo àwọn tí ó jọ ọ́. Ní 1936, a ṣàkíyèsí àrùn wíwú ẹ̀ka ní ilẹ̀ Gánà. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kòkòrò funfun kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ èèhù igi ni ó sì ń tàn án kálẹ̀. Ní 1944, a rí i ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn rẹ̀. Gígé igi lulẹ̀ ni ìjọba pa láṣẹ, èyí sì bí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn nínú gidigidi, nítorí igi tí ó ṣì ń so ni a ní kí wọ́n gé. Ẹni tí ó bá mọ iye ọdún tí igi kòkó fi ń dàgbà yóò mọ̀ pé ọmọ àti ogún ni a ń gé.

Ọ̀dọ̀ ìbátan tí kòkó fi sílẹ̀ ní òkè odò Amazon ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Onímọ̀ F. J. Pound ti rìn ní igbó ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó sì kó irúgbìn lọ sí Trinidad. Ní 1944, A. F. Posnette mú díẹ̀ nínú ìran wọn wá sí ibùdó ìwádìí kòkó ní Tafo ní Gánà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dé Nàìjíríà. Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ síra wọn, wọ́n ń tètè so, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fara da àrùn ju Amelonado lọ. Irú tí a mọ̀ sí F3 Amazon tàn ká oko ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1964 ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn ti ń bá iṣẹ́ yìí lọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun irú kan kan òdòdó irú mìíràn kí ọmọ tí ó dára ju òbí lọ lè jáde.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ Èkìtì. Bí ó bá jẹ́ pé irú tí ó kọ ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ni ó gbìn, tí ó sì gbin ọmọ igi kan ṣoṣo káàkiri oko, òdòdó yóò pọ̀, èso kò ní tó nǹkan. Bí ó bá sì gbá gbogbo ewé jíjẹrà oko mọ́ féfé, kantíkantí kò ní rí ibi gbé.

Ìgúnlẹ̀

Ìgbésí ayé Davies kọ́ ni ní ohun méjì. Èkíní ni pé ìṣubú kì í ṣe òpin ènìyàn. Nígbà tí òwò epo wó lé e lórí, ó gbin ohun tí yóò gba ọdún márùn-ún kí ó tó so dáadáa, ó sì gbìn ín ní ọdún tí aya rẹ̀ kú. Ilé-ìwé tí ó fi owó ràn lọ́wọ́ nígbà tí ó rí jẹ ṣì wà. Kòkó tí ó gbìn nígbà tí kò rí jẹ ti di ti gbogbo ìlú.

Èkejì ni pé ohun tí a fi sílẹ̀ nígbà tí a ń ṣa irúgbìn lè jẹ́ ohun tí a óò padà wá. Davies gbin ohun tí ó dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bi í pé èéṣe tí kò fi mú òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jogún rẹ̀ lónìí mọ ohun tí òun kò lè mọ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń tún oko kòkó baba rẹ̀ gbìn ní ẹ̀bá Adó tàbí Ìkéré, bí ó bá rí igi àtijọ́ kan tí àrùn kò pa, tí ó sì ń so, kí ó má yára gé e lulẹ̀. Kí ó ké sí àwọn olùwádìí. Àbùdá tí ó wà nínú igi yẹn lè jẹ́ èyí tí oko ọmọ rẹ̀ yóò nílò.